Ta Ló Yẹ Kó Kọ́kọ́ Sọ̀rọ̀ Lórí Aláìsàn? Ìtàn Àwọn Ilé-Ìwòsàn Mùsùlùmí Àtijọ́

Ní ọ̀sẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ ilé-ìwòsàn ni mo fẹ́ kí á jọ sọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ oògùn. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ kàn, àti bí wọ́n ṣe ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ lórí ẹni tó ń ṣàìsàn.

Ohun tó fà á nìyí. Nígbà tí ìyàwó mi fẹ́ bí ọmọ wa kejì, nọ́ọ̀sì kékeré kan, tí kò tíì pẹ́ tó jáde ilé-ẹ̀kọ́, ló ń wo ìfúnpá rẹ̀. Ẹnu ọ̀nà ni mo jókòó sí, mò ń fa tẹ̀súbáà. Mo gbọ́ ọ nígbà tó ń sọ fún dókítà pé ìfúnpá ìyá yìí ń gòkè, àti pé ó ń ké pé ojú òun ń ṣú. Èsì tí dókítà fún un ni pé: "Ṣé ìwọ lo wá fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́ ni?" Ọmọbìnrin náà dákẹ́. Bíi wákàtí méjì ló fi dákẹ́. Ìgbà tí nọ́ọ̀sì àgbà kan wọlé láti gba iṣẹ́ alẹ́ ló rí ojú rẹ̀, tó bi í pé kí ló ṣẹlẹ̀, ìgbà yẹn ló tó sọ ọ́. Ìyá àgbà yẹn ló sáré pe dókítà mìíràn. Ọlọ́hun yọ wá: ìyá yè, ọmọ yè. Ṣùgbọ́n wákàtí méjì yẹn kò tíì kúrò lọ́kàn mi.

Ẹ má gbọ́ mi lódì o. Mi ò sọ pé dókítà yẹn kò mọṣẹ́. Ó mọ̀ ọ́n dáadáa. Ohun tí kò mọ̀ ni bí ènìyàn ṣe ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹni tó kéré sí i, tí kò sì ní rò pé wọ́n rí òun fín. Láti ìgbà náà ni mo ti ń wá inú àwọn ìwé tí a kà ní madrasa, láti mọ bí àwọn tó ṣáájú wa ṣe ṣe é nígbà tí wọ́n dá ilé-ìwòsàn sílẹ̀.

Kí á tó dé ọ̀dọ̀ àwọn dókítà ńláńlá, ẹ rántí Rufaydah, obìnrin kan nínú ìran Aslam ní Mẹ̀dínà. Nígbà ogun Khandaq, ní ọdún 5 Hijira, ọfà ba Sa'd ọmọ Mu'adh. Olórí ẹ̀yà Aws ni Sa'd, ènìyàn pàtàkì ni láàárín àwọn Ansar. Ànábì Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ní kí wọ́n gbé e lọ sí àgọ́ Rufaydah, tó wà nínú mọ́sálásí, níbi tí obìnrin náà ti ń tọ́jú àwọn tó fara gbọgbẹ́. Olórí ẹ̀yà kan wà lábẹ́ ìtọ́jú obìnrin tí kì í ṣe olórí ẹnikẹ́ni. A kò gbọ́ pé ẹnikẹ́ni nínú àwọn sàhábé ka èyí sí àbùkù.

Ilé-ìwòsàn tí wọ́n fi òkúta àti bíríkì kọ́ dé lẹ́yìn náà. Bimaristan ni wọ́n ń pè é. Ọ̀rọ̀ èdè Pásíà ni: bimar ni aláìsàn, stan ni ibi tí nǹkan wà. Ilé aláìsàn, bí a bá fẹ́ sọ ọ́ ní kúkúrú.

Ẹni tí mo fẹ́ kí á kọ́kọ́ wò ni Abu Bakr Muhammad ọmọ Zakariyya, Ar-Razi, ọmọ ìlú Rayy, ní ẹ̀bá ibi tí Tehran wà lónìí. Wọ́n bí i ní nǹkan bí ọdún 865, ó sì kú ní nǹkan bí ọdún 925. Ó ṣe olórí ilé-ìwòsàn ní ìlú rẹ̀, ó tún ṣe olórí òmíràn ní Baghdad. Ibn An-Nadim, ẹni tó kọ ìwé Al-Fihrist ní ọdún 377 Hijira (987), gbé ìròyìn kan kalẹ̀ tó ti ẹnu àgbàlagbà ará Rayy kan wá. Àgbàlagbà náà sọ pé ẹni tí orí rẹ̀ tóbi ni Ar-Razi. Ó ní tó bá jókòó láti wo aláìsàn, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ á jókòó níwájú rẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ àwọn wọ̀nyí á jókòó níwájú tiwọn, àwọn mìíràn á sì tún wà níwájú àwọn yẹn. Aláìsàn tó bá wọlé, àwọn tó kọ́kọ́ bá pàdé ló máa ròyìn ara rẹ̀ fún. Bí wọ́n bá mọ ohun tó ń ṣe é, ó parí síbẹ̀. Bí wọn ò bá mọ̀ ọ́n, yóò kọjá sọ́dọ̀ àwọn tó tẹ̀ lé wọn. Bí ó bá ti ọwọ́ àwọn náà bọ́, ìgbà yẹn ni Ar-Razi tó máa la ẹnu.

Ẹ jẹ́ kí á dúró díẹ̀ níbí, nítorí ibí ni ọ̀rọ̀ wà. Ọ̀pọ̀ tó ka ìtàn yìí ló ń rò pé ọlá ni, pé ọ̀gá ti tóbi ju ẹni tí gbogbo ènìyàn lè bá sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ètò ìjókòó yẹn ń ṣe. Ẹni tó kéré jù lọ ló ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, kò sì tíì gbọ́ ohun tí ọ̀gá fẹ́ sọ. Bí ó bá jẹ́ pé Ar-Razi ló kọ́kọ́ sọ pé ibà ni, ta ni nínú àwọn ọmọdé iwájú yẹn ni yóò sọ pé òun rí nǹkan mìíràn? Èmi tí mò ń kọ́ ọmọ ní kéwú mọ èyí dáadáa. Bí mo bá ní kí àgbà kíláàsì kọ́kọ́ kà, gbogbo àwọn tó kù á kan máa tẹ̀ lé ohùn rẹ̀ ni, àṣìṣe rẹ̀ náà á di tiwọn. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ẹni tó kéré jù. Ibn An-Nadim kò sọ ìdí tí Ar-Razi fi ṣe tirẹ̀ bẹ́ẹ̀, àlàyé tèmi ni èyí. Ṣùgbọ́n àgbàlagbà yẹn fi kún un pé olóore ni Ar-Razi, pé ó máa ń ṣàánú àwọn tálákà àti aláìsàn, tó ń fún wọn ní owó, tó sì ń tọ́jú wọn fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá lè tẹ ara rẹ̀ sílẹ̀ fún tálákà báyìí, kò ní ṣòro fún un láti gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu ọmọdé.

Ẹ ó ti gbọ́ ìtàn ẹran lórí mínbárì: pé Ar-Razi so ẹran kọ́ káàkiri Baghdad, pé ibi tí ẹran kò ti tètè rà ló ní kí wọ́n kọ́ ilé-ìwòsàn 'Adudi sí. Ìtàn dídùn ni, ṣùgbọ́n ọdún 372 Hijira (982) ni wọ́n ṣí ilé-ìwòsàn 'Adudi, nígbà tí Ar-Razi ti kú fún ohun tó lé ní àádọ́ta ọdún. Ibn Abi Usaybi'ah, tó kọ ìtàn àwọn dókítà, ti sọ ọ́ pé Ar-Razi ṣáájú ọba 'Adud Ad-Dawlah. Ẹ jẹ́ kí á máa yẹ ọjọ́ wò kí á tó gun mínbárì.

Ilé-ìwòsàn 'Adudi yìí gan-an wúlò fún ọ̀rọ̀ wa. Dókítà 24 ni wọ́n kó jọ síbẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣí i, iṣẹ́ wọn kò sì jọra. Àwọn kan ń wo àrùn inú ara, àwọn kan ń wo ojú, àwọn kan ń ṣe iṣẹ́ abẹ, àwọn kan sì ń to egungun. Kristẹni wà nínú wọn. Jibril ọmọ 'Ubaydullah, láti ìdílé Bukhtishu' tó ti ń ṣe dókítà fún àwọn kálífà láti ọjọ́ pípẹ́, wà níbẹ̀. Ọjọ́ méjì àti òru méjì ni ìpín tirẹ̀ lọ́sẹ̀. Ẹ kíyè sí ọ̀rọ̀ ìpín yẹn: ó fi hàn pé bí ẹnì kan bá ń lọ sílé, ẹlòmíràn ti ń wọlé.

Ní ọdún 580 Hijira (1184), Ibn Jubayr, arìnrìn-àjò láti Andalus tó lọ ṣe Hájì, gba Baghdad kọjá, ó sì rí ilé-ìwòsàn náà. Ó kọ ọ́ pé àwọn dókítà máa ń wá wo àwọn aláìsàn ní gbogbo ọjọ́ Àtìní àti Àlàmísì, wọn á sọ ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan nílò, àwọn òṣìṣẹ́ kan sì wà tó ń se oúnjẹ tí wọ́n sì ń po oògùn náà. Nígbà tí mo ka ibí yìí, ìbéèrè kan sọ sí mi lọ́kàn. Bí dókítà bá wá ní Àtìní, tí kò ní padà wá títí di Àlàmísì, ta ló mọ̀ bí ara aláìsàn ṣe rí ní Àtàláátà àti Àlàrùbá? Àwọn tó ń se oúnjẹ ni. Àwọn tó ń po oògùn, tó ń pààrọ̀ aṣọ ibùsùn, tó ń gbọ́ bí aláìsàn ṣe ń ké ní òru. Bí dókítà Àlàmísì kò bá bi wọ́n, afọ́jú ló fi ń ṣiṣẹ́.

Ní Damascus, níbi tí Ibn Jubayr dé ní ọdún kan náà, wọn kò fi èyí sí ẹnu nìkan. Ilé-ìwòsàn tí Nuruddin Mahmud ọmọ Zanki kọ́ ní ọdún 1154 ní àwọn alábòójútó tó ń kọ ìwé. Orúkọ aláìsàn wà níbẹ̀, iye oògùn àti oúnjẹ tí ó nílò wà níbẹ̀. Dókítà á dé ní ìdájí ojoojúmọ́, á wo wọ́n, á sì sọ ohun tí wọ́n máa pèsè fún oníkálukú. Ní Cairo, nígbà tí Sultan Qalawun parí ilé-ìwòsàn Mansuri ní ọdún 683 Hijira (1284), òṣìṣẹ́ ọkùnrin wà fún wọ́ọ̀dù ọkùnrin, òṣìṣẹ́ obìnrin wà fún wọ́ọ̀dù obìnrin, owó wọn sì ń ti inú waqf jáde bíi ti dókítà.

Ṣùgbọ́n ohun kan ń dùn mí nínú gbogbo ìwé wọ̀nyí. Orúkọ dókítà kún inú wọn, orúkọ bàbá rẹ̀, orúkọ ìwé tó kọ, iye tí ọba ń san fún un. Ẹni tó ń se ọbẹ̀ adìyẹ fún aláìsàn, kò sí orúkọ rẹ̀. Obìnrin tó ń ṣọ́ wọ́ọ̀dù Cairo lóru, kò sí orúkọ rẹ̀. Èmi náà kò sì lè dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi, nítorí mi ò mọ orúkọ nọ́ọ̀sì kékeré yẹn títí di òní. Orúkọ dókítà ni mo mọ̀.

Ẹ má rò pé gbogbo nǹkan dán mọ́rán nígbà náà o. Ní ọdún 319 Hijira (931), ìròyìn dé etí Kálífà Al-Muqtadir ní Baghdad pé ọkùnrin kan kú nítorí àṣìṣe dókítà. Ó ní kí wọ́n má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣe iṣẹ́ náà mọ́ àfi ẹni tí Sinan ọmọ Thabit, olórí àwọn dókítà, bá dán wò. Àwọn tí wọ́n dán wò lé ní 860, nínú ìlú Baghdad nìkan, láìka àwọn tí òkìkí wọn ti kàn àti àwọn tó ń ṣiṣẹ́ fún ọba. Àgbàlagbà kan wọlé, ó múra dáadáa, Sinan sì bọ̀wọ̀ fún un, ó rò pé onímọ̀ ńlá ni. Nígbà tó ku àwọn méjì, àgbàlagbà náà kó owó wúrà síwájú rẹ̀, ó ní òun kò mọ̀wé kọ, òun kò mọ̀wé kà, ṣùgbọ́n iṣẹ́ yìí ni òun fi ń bọ́ ìdílé òun, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má gbà á lọ́wọ́ òun. Sinan rẹ́rìn-ín. Ó gbà fún un, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ fi ohun tí kò mọ̀ dán aláìsàn wò, kò sì gbọdọ̀ sọ pé kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ lára ẹnikẹ́ni tàbí kí wọ́n fún un ní oògùn ìyàgbẹ́, àfi nínú àìsàn kékeré. Ní ọjọ́ kejì, ọ̀dọ́kùnrin kan wọlé. Sinan bi í pé ọ̀dọ̀ ta ló ti kọ́ṣẹ́. Ó ní ọ̀dọ̀ bàbá òun ni. Ta ni bàbá rẹ? Àgbàlagbà àná yẹn ni! Mo ń sọ èyí fún àwọn tó ń rò pé ayé àtijọ́ kò ní onímàgòmágó.

Ohun tó burú ju àìmọ̀ lọ ni kí àwọn tó mọ̀ kọ̀ láti gbọ́ ara wọn. Ní ọdún 441 Hijira (1049), Ibn Butlan, dókítà Kristẹni láti Baghdad, wá sí Cairo. Ẹni tó jẹ́ olórí àwọn dókítà níbẹ̀ ni 'Ali ọmọ Ridwan, Mùsùlùmí, ọmọ tálákà tó fi ìwé kọ́ ara rẹ̀ láìní olùkọ́. Ìjà bẹ́ sílẹ̀ láàárín wọn. Lórí kí ni? Lórí ọmọ adìyẹ àti ọmọ ẹyẹ, èwo nínú wọn ni ìṣẹ̀dá rẹ̀ gbóná jù! Láti ibẹ̀, ó di pé olùkọ́ ló ṣe pàtàkì jù àbí ìwé. Láti ibẹ̀, ó di èébú. Ibn Butlan pe Ibn Ridwan ní ọ̀nì àwọn àlùjànnú nítorí ojú rẹ̀ kò dára. Ibn Ridwan sì kọ̀wé sí àwọn dókítà ìlú pé kí wọ́n pa Ibn Butlan tì, kí wọ́n má bá a da nǹkan pọ̀. Ọdún bíi mẹ́ta lẹ́yìn náà, Ibn Butlan ti fi Cairo sílẹ̀, ó forí lé Constantinople. Àwọn ìwé ìjà náà ṣì wà, àwọn onímọ̀ ń kà wọ́n títí di òní, ọgbọ́n sì wà nínú wọn. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi wá aláìsàn kan tó rí ìwòsàn nínú rẹ̀.

Nígbà tí mo bá ka ìjà yẹn, orílẹ̀-èdè tiwa ni mo máa ń rántí. Ní ọjọ́ kìíní oṣù keje ọdún 2014, ẹgbẹ́ àwọn dókítà Nàìjíríà, NMA, da iṣẹ́ sílẹ̀. Ọ̀kan lára ohun tí wọ́n ń jà fún ni pé kí wọ́n má ṣe fi oyè consultant fún òṣìṣẹ́ ìlera tí kì í ṣe dókítà. Àwọn nọ́ọ̀sì, apòògùn àti àwọn tó ń ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ náà ní ẹgbẹ́ tiwọn, JOHESU, àwọn náà sì da iṣẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 2018 fún ohun tó lé ní oṣù kan. Mi ò ní dá ẹjọ́ yẹn níbí. Ẹ̀tọ́ wà lọ́wọ́ ọ̀tún, ẹ̀tọ́ wà lọ́wọ́ òsì. Ṣùgbọ́n ẹ rántí ohun tó wọ ìlú nígbà tí ti 2014 ń lọ lọ́wọ́. Ní ogúnjọ́ oṣù keje, ọkùnrin kan tó ní àrùn Ebola balẹ̀ sí Èkó láti Liberia, wọ́n sì gbé e lọ sí ilé-ìwòsàn aládàáni kan ní Obalende. Dókítà Ameyo Adadevoh àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ kọ̀ jálẹ̀ pé ọkùnrin náà kò ní jáde, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n fúngun mọ́ wọn. Dókítà Adadevoh kú ní ọjọ́ 19 oṣù kẹjọ. Àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ mìíràn náà kú, nọ́ọ̀sì wà nínú wọn. Ènìyàn 20 ni àrùn náà mú ní gbogbo Nàìjíríà, 8 kú, nígbà tó sì di ogúnjọ́ oṣù kẹwàá, àjọ ìlera àgbáyé kéde pé Nàìjíríà ti bọ́. Àwọn tó ń lọ láti ilé dé ilé láti wo ara àwọn tó ti fara kan aláìsàn lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan pọ̀ ní iye, ẹnikẹ́ni kò sì mọ orúkọ wọn. Àrùn yẹn kò bi ẹnikẹ́ni pé ṣé consultant ni.

Ẹ jẹ́ kí á padà sí Damascus, sí ilé-ìwòsàn Nuruddin, nítorí ibẹ̀ ni mo ti rí òdì-kejì ìjà Cairo. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kẹtàlá, àwọn méjì ń ṣiṣẹ́ pọ̀ níbẹ̀: Muhadhdhabuddin Ad-Dakhwar, Mùsùlùmí, ọmọ oníṣègùn ojú, àti 'Imran, Júù. Ọ̀gá ni àwọn méjèèjì, ọba ń pe àwọn méjèèjì. Ibn Abi Usaybi'ah jẹ́ ọ̀dọ́ akẹ́kọ̀ọ́ nígbà náà, ó ń tẹ̀ lé wọn láti ibùsùn kan sí èkejì. Ó kọ ọ́ pé àwọn méjèèjì á jọ wo aláìsàn, wọn á jọ jíròrò lórí ohun tó ń ṣe é àti oògùn tí wọ́n máa fún un, àwọn aláìsàn sì jàǹfààní ńlá nínú ìpàdé wọn. Bí wọ́n bá parí, òun náà á tún lọ jókòó ti Radiyyuddin Ar-Rahbi, ọ̀gá kẹta, kí ó lè rí bí òun ṣe ń dá àìsàn mọ̀ àti ohun tó ń kọ fún aláìsàn. Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá kan kò sá fún ọ̀gá kejì, ọ̀gá àkọ́kọ́ kò sì bínú.

Ad-Dakhwar sọ ilé ara rẹ̀ di waqf kí wọ́n máa kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn níbẹ̀ lẹ́yìn tí òun bá kú. Nígbà tó kù díẹ̀ kó kú, ní ọdún 628 Hijira (1230), ahọ́n rẹ̀ ti wúwo, ọ̀rọ̀ kò já gaara lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Kò tìtorí ìyẹn dá ìjókòó ẹ̀kọ́ dúró. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á máa bá ara wọn jiyàn níwájú rẹ̀, òun á máa gbọ́. Bí wọ́n bá dé ibi tó le, á fi ọ̀rọ̀ díẹ̀ tú u fún wọn. Ní ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ náà bá kọ̀ tí kò jáde rárá, á fa wàláà mọ́ra, á kọ ọ́ síbẹ̀, á sì yí i sí wọn kí wọ́n kà á.